Ẹ Fún Olùdámọ̀ràn Ní Àpò Tirẹ̀

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú ìgbìmọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, kí ó sì wá ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá, ohun ńláńlá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú: ilé-iṣẹ́ epo, iléeṣẹ́ ológun, báńkì àpapọ̀. Èmi mú ìgbìmọ̀ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, National Space Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa gba Ààrẹ wọn nímọ̀ràn lórí ọ̀ràn gbalasa òfurufú. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kàn mí nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ló kàn mí. Ẹni tó ń bọ́ olùdámọ̀ràn ló kàn mí, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ẹ wò ó. Nínú ìṣúná ọdún 2020, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ya 1,965,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún ìgbìmọ̀ yìí. Lọ́dún kan náà, àjọ NASA gba ohun tó lé ní bílíọ̀nù 22 dọ́là. Bí ìgbìmọ̀ bá gba dọ́là kan, NASA gba ohun tó lé ní 11,000. Ìyẹn kò bí mi nínú. Olùdámọ̀ràn kì í kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ni yóò fi bílíọ̀nù ṣe? Ohun tó bí mi nínú ni gbólóhùn tó tẹ̀ lé owó náà nínú òfin ìṣúná yẹn: pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba lè yá ìgbìmọ̀ ní òṣìṣẹ́, kí wọ́n má sì gba kọ́bọ̀ padà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ lè máa gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún.

Àwọn tó fọwọ́ sí ètò yìí ní ó dín ìnáwó kù, àti pé ẹni tó ti NASA tàbí iléeṣẹ́ ológun wá mọ iṣẹ́ ju àjèjì lọ. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní June 2018, Ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí Ilé-iṣẹ́ Okòwò gba iṣẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn tó ni sátẹ́láìtì, kí tiwọn má baà kọlu ara wọn lókè, lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ààbò. Ẹ gbà pé òṣìṣẹ́ tí Ètò Ààbò yá wọn ló jókòó sí ìdí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fún un ní ìgbéga nígbà tó bá padà sílé?

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn onílé àdúgbò wa dá owó láti ra tiransifọ́mà. Wọ́n yan ẹni mẹ́ta pé kí wọ́n yẹ ìwé owó wò, bàbá mi sì wà nínú wọn. Wọn kò fún wọn ní owó ọkọ̀, wọn kò fún wọn ní owó ìwé. Akápò fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ọjà tí wọ́n ti fẹ́ béèrè iye wáyà, òun náà ló ra oúnjẹ ọ̀sán. Dòdò wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí bàbá mi gbé díẹ̀ bọ̀ fún wa. Lọ́jọ́ ìpàdé, ohùn bàbá mi kò jáde. Nígbà tí a délé, ìyá mi ní, “Bàbá wọn, ṣebí ẹ rí i pé owó wáyà yẹn pọ̀ jù, kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?” Ó ní, “Ìyá wọn, ẹni tó gbé mi lọ tó tún gbé mi bọ̀, ojú wo ni màá fi wò ó?” Bàbá mi kì í ṣe olè. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ẹnu tó bá ti jẹ dòdò.

Ẹgbẹ́ kan tún wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ náà nígbà náà, Users’ Advisory Group, ti àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọn kò gba owó iṣẹ́. NASA ló gbọ́ bùkátà ìpàdé wọn. Àwọn ọ̀gá Boeing, Lockheed Martin àti SpaceX wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2018, ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ NASA. N kò ní wọ́n ṣe àìdáa. Mo kàn ń béèrè: ta ló lè jókòó dámọ̀ràn láìgbowó? Ẹni tí owó ń wọlé fún níbòmíràn ni.

Àìlówó ti pa ìgbìmọ̀ yìí rí. Òfin 1988 ló dá a sílẹ̀, Ààrẹ Bush àgbà gbé e dìde ní 1989, Igbákejì Ààrẹ Quayle sì ṣe alága rẹ̀. Nígbà tí Clinton dé ní 1993, kò sẹ́ni tó fagi lé òfin náà. Wọn kò kàn fún un lówó àti òṣìṣẹ́ mọ́. Òfin wà nínú ìwé, àga ṣófo, títí Trump fi jí i ní June 2017.

Nítorí náà, kí wọ́n máa yá òṣìṣẹ́ bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ máa san owó oṣù wọn láti inú àpò tirẹ̀. Kí wọ́n fi kún mílíọ̀nù méjì tí kò pé yẹn títí yóò fi tó. Kí àpò kan náà sì san owó ìjókòó fún olùkọ́ tàbí onímọ̀ tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi ní bí wọ́n tilẹ̀ fún wọn ní àpò, àwọn aṣòfin tó ń kó owó sínú rẹ̀ ni wọn yóò máa bẹ̀rù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n gbangba ni àwọn aṣòfin ti ń jiyàn lórí owó yẹn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí èmi ọmọ SS2 ní Ìbàdàn kà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí wọ́n yá kò sí nínú 1,965,000 náà. Oúnjẹ ọ̀sán tí akápò rà kò sí nínú ìwé owó àdúgbò wa náà.