Ẹ Fi Làkúrègbé Sílẹ̀, Ẹ Yẹ Kẹ̀kẹ́ Yín Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, ní ìdájí Sátidé, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ó gba Òkèsà kọjá, ara á yá gágá. Tí ẹ bá fi máa jáde ní Ajílósùn, èjìká ti ń ta yín. Kí ẹ tó wọ ìlú Ìkẹ́rẹ́, ọrùn ti gan. Ẹ délé tán, gbogbo ilé di dókítà: "Làkúrègbé ni. Òtútù àárọ̀ ló wọ̀ yín lára. Ẹ lọ ra oògùn."

Irọ́ ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn, àmọ́ irọ́ náà ni.

Làkúrègbé kì í dá ọjọ́ fún ni. Ẹni tó bá ń ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n jọ ń sùn ni, wọ́n jọ ń jí. Èyí tí à ń wí yìí ńkọ́? Ó dìgbà tí a bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó yọjú. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló máa ń le jù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Èkìtì, òkè ni látòkèdélẹ̀. Tí a bá sì gbé kẹ̀kẹ́ tì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lọ nìyẹn. Àrùn wo ló ń bá kẹ̀kẹ́ gba ìsinmi?

Ó ṣe èmi náà. Tòkúnbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò; òyìnbó gàgàrà kan ni wọ́n ṣe é fún. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbé diclofenac mì. Ikùn mi ń ta, èjìká kò gbọ́. (Irú oògùn yẹn a máa dá ọgbẹ́ sí ni nínú, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́ téèyàn bá lò ó pẹ́. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ ìyẹn.) Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ní Ìjìgbò ló gbà mí. Kò tilẹ̀ wo èjìká mi. Ó yọ báírò létí, ó fi dábùú ìjókòó kẹ̀kẹ́. Báírò yí gbirigbiri síwájú, ó bọ́ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rí i? Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin náà ṣe ń yọ̀ lọ síwájú. Ọwọ́ lẹ fi ń ti ara yín padà."

Ó mú sípánà, ó tẹ́ ìjókòó náà dọ́gba. Ó yọ irin gígùn tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró, ó fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Ní Sátidé kejì, mo dé Ìkẹ́rẹ́, mo gbójú sókè wo òkè Olósùnta, n kò di ọrùn mú.

Àwọn àgbà á ní: ṣebí àwọn bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ Raleigh lọ oko, tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì ẹmu lẹ́yìn, kí ló ṣe èjìká wọn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Raleigh yẹn dáadáa: ọwọ́ rẹ̀ ga ju ìjókòó lọ, ó tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún, sípíríǹgì sì wà lábẹ́ ìdí. Bàbá jókòó bí ọba lórí àga ni. Ti òde òní, ìdọ̀bálẹ̀ ni, orí tó tó bíi kílò 5 á sì wá nà síwájú, kí iṣan ọrùn àti èjìká máa gbé e títí dé Ìkẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá.

Tí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ ìgúnpá díẹ̀, ẹ má nà án gan-an bí igi. Ẹ má jẹ́ kí èjìká gùn lọ bá etí. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún tayà le bí òkúta, ẹ ṣáà mọ títì wa. Báàgì ẹ̀yìn yẹn, ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́.

N kò sọ pé làkúrègbé kò sí o, tàbí pé kẹ̀kẹ́ ló ń fa gbogbo ìrora èjìká. Bí èjìká òsì bá ń dun ni, tí àyà ń fún pọ̀, tí òógùn tútù ń bò ni, ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Bí ẹ bá ṣubú tí apá kò ṣeé gbé sókè, ibẹ̀ náà ni.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ mú báírò kan dání ní Sátidé.