Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ̀yin Tó Ń Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe, Ẹ Yé Nu Iṣẹ́ Wa Dànù

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wo kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó fi dájọ́ ikú fún un. "Ọ̀gá, kò sí nǹkan tí a lè ṣe sí i mọ́. Àfi ká fọ́máàtì ẹ̀. 15,000 náírà ni." Mo bi í pé àwọn fáìlì mi ńkọ́? Ó ní, "Ṣé ẹ ò ní ẹ̀dà wọn níbòmíì ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Mo ń gbé Ubuntu tó wà lórí ẹ̀rọ náà láti ẹ̀dà 22.04 bọ́ sí 24.04. Iṣẹ́ ti dé ìdajì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti gbó, kò lè dá dúró. Nígbà tí iná padà dé, mo tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ funfun tò sórí rẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, wọ́n sì ń kéde kernel panic. Inú ẹ̀rọ yìí ni gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo ti ń gbà sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wà. Àwọn kan lára àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ti di ará ọ̀run. Ohùn àwọn wọ̀nyẹn ni ọmọ yìí fẹ́ nù kúrò láyé fún 15,000 náírà.

Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo bá tèmi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó jí. N kò sọ èyí láti fi yangàn, nítorí akọ̀ròyìn ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tí mo ṣe kò le, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbowó lórí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ṣe ń jí. Bí a bá tàn án, GRUB ló máa ń dá a lóhùn, òun ni aṣọ́nà. GRUB yóò pe kernel, yóò sì fún un ní àpò irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní initramfs. Inú àpò yẹn ni kernel ti ń rí ohun tí yóò fi ṣí díìsìkì. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó kan iyàrá tí iṣẹ́ wa wà, ìyẹn /home. Nígbà tí iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́, kernel tuntun ti dé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì di àpò irinṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ilé kò jó, ẹrù kò sọnù. Èwo wá ni ti pé kí a wó ilé?

Àwọn tó ṣe Ubuntu mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í tètè yọ kernel àtijọ́ dànù. Mo tan ẹ̀rọ, mo tẹ Esc, àkójọ GRUB sì yọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́, Shift ni a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wọ Advanced options, mo yan kernel àtijọ́ tí wọ́n kọ recovery mode sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo yan network kí íntánẹ́ẹ̀tì lè wọlé, lẹ́yìn náà mo yan root. Mo pàṣẹ dpkg --configure -a, èyí tó ń parí iṣẹ́ tó dúró lágbedeméjì, mo sì fi apt --fix-broken install tẹ̀ lé e. Àwọn méjì yìí ló pẹ́. Mo jẹun alẹ́ tán kí wọ́n tó dákẹ́. Update-initramfs -u -k all tún àwọn àpò irinṣẹ́ tó wà dì, update-grub sì sọ fún aṣọ́nà pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó tán.

Bí kernel àtijọ́ náà bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ fi Ubuntu sórí fíláàṣì, kí ẹ fi fíláàṣì náà tan ẹ̀rọ, láìfi nǹkan kan sórí díìsìkì. Ẹ ó rí fáìlì yín níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó wọn sórí díìsìkì mìíràn, kí ẹ tó wá fi chroot wọ inú ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn láti tún un ṣe. Ti díìsìkì tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì tún léwu jù: fọ́máàtì lè pa ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà rẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ mọ̀ kò sì ní ṣí nǹkan kan mọ́ láéláé.

Ẹ má sì sọ pé ẹ̀rọ tálákà nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2020, ìròyìn jáde nípa àlébù kan nínú GRUB tí wọ́n sọ ní BootHole. Ilé iṣẹ́ Red Hat ṣe àtúnṣe rẹ̀ síta, àwọn ẹ̀rọ kan tó gba àtúnṣe náà sì kọ̀, wọn kò jí. Kí ni Red Hat ní kí àwọn oníbàárà ṣe? Kí wọ́n fi ìrànwọ́ láti ìta tan ẹ̀rọ, kí wọ́n wọ inú rẹ̀, kí wọ́n dá GRUB àti shim padà sí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n nu ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn tiwa fi ń sáré sí fọ́máàtì? Nítorí pé kò gba ìrònú. Ẹ̀rọ mẹ́wàá, àrùn mẹ́wàá, oògùn kan. Owó tí wọ́n ń gbà kò sì yí padà, yálà wọ́n wo ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ tàbí wọn kò wò ó. Wọ́n á ní oníbàárà kì í ní sùúrù. Irọ́ ni! Oníbàárà tí ẹ kò sọ fún pé ọ̀nà mìíràn wà, ibo ni yóò ti rí sùúrù tí yóò ní?

Mo gbà pé ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó ti kú, tí n kò sì ní ẹ̀dà kankan. Mo ti ra díìsìkì àfikún báyìí. Ṣùgbọ́n àìbìkítà aláìsàn kò sọ pé kí dókítà máa pa á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè mí ní ọjọ́ kejì, bóyá mo ṣì fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà wá. Mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ padà fọ́máàtì ẹ̀ náà ni, àbí?"