Mágínẹ́ẹ̀tì Kò Mọ Fàdákà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Mo gbọ́ ọ ní ọjà Òkè-Àjé, mo gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń pín ogún, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé tó yẹ kó lè já a ní koro: "Ṣílè àtijọ́ tó bá funfun, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò fà, fàdákà ni." Gbogbo òfin wọn kò ju ìyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́ ti di adájọ́ lórí àpótí ìyá àgbà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tó mọ owó tó sì mọ òwò, ìtìjú ni.

Irọ́ ni, n kò sì ní rọ ọ́ lẹ́nu.

Kí ni mágínẹ́ẹ̀tì ń fà? Irin ni, àti níkẹ́ẹ̀lì tí kò lábùlà, àti ohun díẹ̀ mìíràn tí kò kan ṣílè. Kì í fa bàbà. Kì í fa idẹ. Kì í fa òjé, kì í fa wúrà, kì í sì í fa fàdákà. Nítorí náà, bó bá kọ owó kan, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún yín: owó yìí kì í ṣe irin. Ẹni tí kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣé ó wá di dandan kó jẹ́ ará Àgọ́-Ìwòyè? Bí wọ́n ṣe ń ro ọ̀rọ̀ fàdákà gan-an nìyẹn, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lórí rẹ̀.

Ẹ mú ṣílè Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, irú èyí tó kún inú àpótí àwọn ará ilé wa tó gbé London rí. Ọ̀kan jẹ́ ti 1919, èkejì ti 1921, ẹ̀kẹta ti 1947. Ìwọ̀n gíráàmù 5.66 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tó jáde, fífẹ̀ wọn dọ́gba, gbogbo wọn ló sì funfun. Nínú ti 1919, ìdá 92.5 nínú 100 ni fàdákà, ìyẹn gíráàmù 5.23. Nínú ti 1921, ìdajì péré ni, nítorí òfin 1920 ti bu fàdákà owó Gẹ̀ẹ́sì kù. Nínú ti 1947, kò sí fàdákà rárá: bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ́ pọ̀ ni, àdàlù náà kì í sì í jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì rí níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ fà. Ẹ wá gbé mágínẹ́ẹ̀tì yín lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò ní fa ìkankan. Èyí tó kún fún fàdákà, èyí tó ní ìdajì, èyí tí kò ní nǹkan kan: ìdáhùn kan náà ló fún gbogbo wọn! Irú ẹ̀rí wo nìyẹn?

Ẹ kúrò lórí owó Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá sórí owó tiwa. Kọ́bọ̀ oníhò tó funfun, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, kò ní fàdákà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á. Tọ́rọ̀ funfun tó jáde láti 1938 títí dé 1957 kò ní fàdákà. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á. Sísì àti ṣílè Nàìjíríà ti 1959, tó ní orí Ayaba Elizabeth lára, kò ní fàdákà. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á. Kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973 kò ní fàdákà. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà wọ́n. Nítorí igi ọ̀pẹ ara kọ́bọ̀ mẹ́wàá, àwọn kan ń tà á bí ẹni pé ọmọ ìyá ṣílè ọlọ́pẹ 1913 ni. Ọgọ́ta ọdún ló wà láàárín àwọn méjèèjì, fàdákà kò sì sí nínú ti ẹ̀yìn!

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ní 1991, ìjọba mú owó náírà kan onírin jáde, irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò lára. Mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé e fìrì. Àwọn ènìyàn rí i pé èyí lẹ̀ mọ́ ọn, pé ti àtijọ́ kò lẹ̀, wọ́n sì parí èrò síbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ìyàtọ̀ láàárín owó irin àti owó tí kì í ṣe irin. Fàdákà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwa Ìjẹ̀bú ló sì yẹ kó mọ èyí ju gbogbo ènìyàn lọ. Ìtàn ìgbà òyìnbó kò fi pamọ́ pé ayédèrú ṣílè rìn púpọ̀ nílẹ̀ wa lẹ́yìn tí owó idẹ dé. Idẹ, òjé, bàbà: kò sí ìkankan nínú wọn tí mágínẹ́ẹ̀tì lè mú. Ohun tí kò lè mú ayédèrú ni wọ́n wá fi ń jẹ́rìí òótọ́ fún wa lónìí.

Àwọn kan á ní mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára máa ń yọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lára fàdákà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe lára bàbà. Wọ́n ní yìnyín ń tètè yọ́ lórí rẹ̀: lórí bàbà ńkọ́? Wọ́n ní ó dúdú: èéfín ń sọ ohun gbogbo di dúdú. Wọ́n ní lẹ́tà H abẹ́ ọdún ni àmì fàdákà: àmì ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham ni, ó sì wà lára kọ́bọ̀ pẹ̀lú.

Ọdún ara owó ni kí ẹ kà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1912 ni wọ́n dá West African Currency Board, ìgbìmọ̀ tó ń mú owó tiwa jáde nígbà náà, sílẹ̀. Ní 1913 ni tọ́rọ̀, sísì àti ṣílè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún náà títí dé 1919, fàdákà ìdá 92.5 ni wọ́n, àti ṣílè méjì pẹ̀lú. Nígbà tó di oṣù kejì 1920, fàdákà ti wọ́n débi pé èyí tó wà nínú ṣílè kan tó nǹkan bíi kọ́bọ̀ mẹ́rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ méjìlá ni à ń ná an. Ìyẹn ni wọ́n fi yí i padà sí idẹ. Bí ẹ bá rí ṣílè ọlọ́pẹ tó pọ́n yòò, idẹ ni. 1920 nìkan ló dàrú, torí oríṣi méjèèjì ló jáde lọ́dún náà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà tó ní òṣùwọ̀n. Ti Gẹ̀ẹ́sì: ṣáájú 1920, ó kún, 1920 sí 1946, ìdajì, láti 1947, òfìfo.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí. Ẹni tó ń ra owó àtijọ́ kiri mọ ọdún. Á gbé mágínẹ́ẹ̀tì jáde lójú yín, á ní gbogbo rẹ̀ dọ́gba, á dá iye kan lé odindi ike. Tọ́rọ̀ 1916 á bá tọ́rọ̀ 1938 lọ ní iye kan náà. Ẹlòmíràn á lo mágínẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà láti ta bàbà funfun fún yín ní iye fàdákà. Bí ẹ bá ń rà, ẹ jẹ gbèsè. Bí ẹ bá ń tà, ẹ jẹ gbèsè. Àìkàwé kọ́ ló ń fà á, nítorí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ka òǹkà mẹ́rin.

Ẹ pe ọmọ náà. Kó ka ọdún ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí oníbàárà tó dé. Oníbàárà tí kò bá sì fẹ́ ra èyí tí ẹ ti ṣà, ẹ má tà á fún un.