Irin tí ò yìnbọn tó kó ìpayà bá àwọn sójà Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá rò pé ìbọn gbígbé ló le jù nínú iṣẹ́ sójà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn sójà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Irin gbọọrọ kan báyìí tí wọ́n gbé kọ́ sókè, tí ò yìnbọn, tí ò ju bọ́ǹbù, ló kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ńṣe ni sójà máa fọwọ́ rọ̀ mọ́ ọn, táá ká orúnkún sókè títí táá fi kan ìgbúnwọ́. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tí ò bá lè ṣe ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ó ti féèlì nìyẹn, bó tiẹ̀ ń sáré bí ẹṣin.

Bọ́rọ̀ ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Látọdún 1980, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán okun ara sójà wọn wò: kó dojú bolẹ̀ kó máa fọwọ́ ti ara ẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú 2, kó dùbúlẹ̀ kó máa dìde jókòó fún ìṣẹ́jú 2, kó wá sáré máìlì 2. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ wà lórí ẹ̀, ẹni tó bá sì ń féèlì léraléra, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n àbùkù wà níbẹ̀. Sójà lè lóun ti ṣe 50, kí ọ̀gá tó ń kà á ní 40 lòun rí, torí àwọn yòókù ò délẹ̀ dáadáa. Èyí tó tún burú ni pé ta ló fẹ́ sọ fún ọ̀tá lójú ogun pé kó ní sùúrù, òun fẹ́ dùbúlẹ̀ dìde jókòó? Ẹni tí ọta bà ni wọ́n máa wọ́ kúrò níbẹ̀, ẹrù ni wọ́n máa gbé.

Ni wọ́n bá gbé ìdánwò tuntun dé, oríṣi 6: irin wúwo gbígbé nílẹ̀, bọ́ọ̀lù kílò 4.5 jíjù gba orí sẹ́yìn, ẹrù bíi kílò 41 fífà lórí ilẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fífọwọ́ ti ara sókè náà yí padà: àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó tún gbéra. Ìyẹn dáa gan-an, àríyànjiyàn dín kù. Wọ́n wá ní ìwọ̀n kan náà ni wọ́n máa lò fún tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ọ̀pọ̀ sójà obìnrin ò rí irin yẹn ṣe. Ká ní wọ́n ti ń ka máàkì ẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn nígbà yẹn ni, iṣẹ́ ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn aṣòfin wọn dá sí i, wọ́n ní káwọn olùwádìí láti ìta yẹ̀ ẹ́ wò. RAND ló ṣe é, àbájáde ẹ̀ sì jáde lọ́dún 2022: ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fún àwọn apá kan nínú ìdánwò náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó tàwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ irin yẹn gan-an ló pani lẹ́rìn-ín. Iṣan ikùn ni wọ́n lọ́kàn láti fi wọ̀n, àmọ́ àwọn kan wà tí ikùn wọn le koko, apá ni ò gbé wọn. Lọ́dún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n sì dá ìwọ̀n ọjọ́ orí àti ti ọkùnrin lóbìnrin padà.

Nígbà tó di June 2025, bọ́ọ̀lù jíjù náà bá irin lọ. Wọ́n ní ọgbọ́n jíjù ló ń wọ̀n, kì í ṣe agbára, ó sì lè ṣeni léṣe. Ó ku oríṣi 5. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ìjà gbọ́dọ̀ gba máàkì 350 nínú 500, obìnrin ò sì ní ìwọ̀n tiẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀ mọ́, ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń dáná tàbí tó jókòó sí ọ́fíìsì, 300 ti tó wọn.