Kí Ni Olówó Ń Rà Nígbà Tí Ó Bá Ra Òkè?

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Montana àti Wyoming, ilẹ̀ orí òkè tí ó jìnnà sí ìlú ti di ọjà àwọn olówó. Ráńṣì ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ti ń sin màlúù láti ìran dé ìran. Màlúù kọ́ ni ó ń fa ọ̀pọ̀ olùrà òde òní lọ síbẹ̀. Ẹran elk, tí ó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì, ni wọ́n fẹ́ pa. Ẹja trout inú odò tútù ni wọ́n fẹ́ mú, pẹ̀lú ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú wé títí ó fi jọ kòkòrò orí omi. Nínú ìpolówó irú ráńṣì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń gbé owó rẹ̀ sókè ni pé ẹlòmíràn kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí kì í ṣe ti olùtà ni ó ń tà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹran. Lábẹ́ òfin àwọn ìpínlẹ̀ náà, ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ìjọba ni ó ń mójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Ẹni tí ó ra odindi òkè gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní ju ìbọn kan ṣoṣo lọ. Àsìkò ọdẹ àti iye ẹran tí ènìyàn lè pa, ọwọ́ ìjọba ni wọ́n wà. Ẹran elk fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ààlà. Bí yìnyín bá ti bo orí òkè, a sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, a sì máa jẹ koríko gbígbẹ tí àwọn ọlọ́sìn kéékèèké tò pamọ́ fún màlúù wọn. Ẹnì kan ń bọ́ ọ nígbà òtútù, ẹlòmíràn ń pa á nígbà tí ewé bá ń wọ́, ó sì ń pè é ní tirẹ̀!

Kò yẹ kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti ohun orí ilẹ̀ ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ kí ó sì tà á, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ ẹyìn orí ilẹ̀ náà láìgba àṣẹ onílẹ̀.

Ní ti omi, Montana ti là á mọ́lẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 1972 sọ pé ti ìpínlẹ̀ ni omi, fún ìlò àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1984, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1985, àwọn aṣòfin sọ ọ́ di òfin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà ìjọba tàbí afárá dé odò lè máa rìn nínú rẹ̀ kí ó sì máa pẹja, bí kò bá ti kọjá ibi tí omi máa ń kún dé, ẹni yòówù kí ó ni ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Òfin náà kò fún un láyè láti la ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá kí ó tó dé odò, ìyẹn sì tọ́. Ní Wyoming tí ó bá a pààlà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Láti 1961 ni kóòtù ti sọ pé aráàlú lè wa ọkọ̀ kọjá lójú omi, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni ó ni ìsàlẹ̀ odò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ máa rìn kiri lórí rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú omi tí ó mu ni dé orúnkún ni ẹni tí ń fi irú ìwọ̀ yẹn pẹja máa ń dúró sí.

Ẹjọ́ Elk Mountain ní Wyoming ni ó tú àṣírí ọjà yìí jù. Lẹ́yìn òfin ojú irin ti 1862, ìjọba pín ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan ní ìbú àti ní òòró. Ó fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní ọ̀kan, ó mú ọ̀kan, bí ojú ọpọ́n dráfù. Ẹni tí ó bá ra gbogbo funfun ti sé dúdú mọ́lé. Ní 2021, àwọn ọdẹ mẹ́rin láti Missouri gbé àkàbà irin sí ibi tí igun ilẹ̀ ìjọba méjì ti pàdé, wọ́n sì gùn ún láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ onílẹ̀; ara wọn ni ó gba inú afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Nítorí afẹ́fẹ́ yìí ni wọ́n ṣe pè wọ́n lẹ́jọ́. Onílẹ̀ sọ pé bí irú ìkọjá bẹ́ẹ̀ bá bófin mu, iye owó ráńṣì òun yóò fi ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là dín kù. Níbo ni mílíọ̀nù méje náà ti wá? Iye ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n sé mọ́lé ni, tí wọ́n ti kà mọ́ owó ráńṣì. Ní 2022, ìgbìmọ̀ aráàlú tí ń dá ẹjọ́ sọ pé àwọn ọdẹ náà kò jẹ̀bi. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre ní 2023. Ní oṣù Kẹta 2025, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà ti ìdájọ́ yẹn lẹ́yìn, ó sì gbé e lé òfin 1885 tí ó ka sísé ilẹ̀ ìjọba mọ́ léèwọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Kò tọ́ kí ènìyàn fi ẹnu kan ba gbogbo irú olùrà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ted Turner ra ráńṣì Flying D ní Montana ní 1989, ilẹ̀ tí ó lé ní 100,000 éékà. Ó fi ẹfọ̀n bison rọ́pò màlúù, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé wọn kò ní gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń ta ilẹ̀ ìkọ́lé, ilé ni yóò hù níbi tí ẹran ń gbà kọjá. Ètò kan tún wà ní Montana, Block Management ni wọ́n ń pè é, tí ìjọba fi ń sanwó fún onílẹ̀ tí ó bá jẹ́ kí ọdẹ wọlé. Onílẹ̀ kò pàdánù, ọdẹ pẹ̀lú rí àyè.

Ìdájọ́ 2025 náà de Wyoming, Colorado, Utah, New Mexico, Kansas àti Oklahoma. Kò de Montana. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ onX, tí ń ya máàpù fún àwọn ọdẹ, ṣírò ní 2022 pé ilẹ̀ ìjọba tí igun nìkan lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ éékà ní ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, olùrà tí ó bá ń ná ráńṣì ní Montana lónìí yóò ṣe dáadáa bí ó bá ní kí alágbàtà ya owó ilẹ̀ gan-an sọ́tọ̀ kúrò lára owó ohun tí kóòtù lè dá padà fún aráàlú lọ́la.