Ẹ̀dínwó lẹ rí, ẹ ò rí olófòófó tó bá a wọlé

Àwọn àgbà ló ní ògiri létí. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ni ni pé kéèyàn ṣọ́ ẹnu ẹ̀, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n níbi táyé dé yìí, ògiri ti létí lóòótọ́, ó tún ti lójú. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọ̀tá kọ́ ló ń gbé etí àti ojú ọ̀hún wọlé o. Onílé fúnra ẹ̀ ló ń fowó ẹ̀ rà á, òun náà ló ń kàn án mọ́ ògiri, òun náà ló sì ń sanwó iná àti dátà tó ń lò.

Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń kó sílé lọ́rọ̀ kàn: kámẹ́rà tó ń fi inú ilé han èèyàn lórí fóònù, aago ẹnu ọ̀nà tó ń ya fídíò ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, sípíkà tó ń gbọ́ èdè tó sì ń dáni lóhùn, àti tẹlifíṣàn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dáa o, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé wọn ò dáa. Ìyá tó wà níbi iṣẹ́ lè fi kámẹ́rà wo bí ọmọ-ọ̀dọ̀ ṣe ń tọ́jú ọmọ ẹ̀. Ẹni tó wà ní London lè fi wo bí ìyá ẹ̀ arúgbó ṣe ń ṣe n'Íbàdàn. Ibi tí wàhálà wà ni bí wọ́n ṣe ń sáré rà á.

Ìka kan ṣoṣo, ọjà ti dé

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ ti ṣú, oorun ò tíì kun èèyàn, fóònù wà lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọjà kan síwájú ẹni. Wọ́n ti fa ìlà gba orí iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ iye tuntun sábẹ́ ẹ̀, wọ́n sì gbé aago kan síbẹ̀ tó ń ka wákàtí àti ìṣẹ́jú wálẹ̀, àfi bíi pé ayé fẹ́ẹ́ parẹ́. “Ó ku mẹ́ta péré!” Àyà ẹni tó ń wò ó á já. Kó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tẹ̀ ẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, “Wọ́n já owó ẹ̀ wálẹ̀ ni.”

Àwọn ọlọ́jà yìí ò ṣèèṣì rárá. Láti ọdún 1999 ni iléeṣẹ́ Amazon l'Amẹ́ríkà ti gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà téèyàn fi lè tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì ti rajà. Nígbà tó di 2015, wọ́n dá ọjọ́ ọjà pọ̀ọ́kú tí wọ́n ń pè ní Prime Day sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé bọ́tìnnì kékeré kan jáde tó ń jẹ́ Dash. Ara ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí ọṣẹ bá ti fẹ́ẹ́ tán, kéèyàn kàn tẹ̀ ẹ́, òmíràn ti ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn. Kò sí iye owó kankan lára ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan nílùú Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, dájọ́ pé bọ́tìnnì náà ta ko òfin, nítorí oníbàárà ò mọ iye tó ń san nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ṣíwọ́ títà á.

Bọ́tìnnì lọ, ìwà ò lọ. Black Friday tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ti dé Nàìjíríà, Jumia àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe é, àwọn oníbàárà sì ń sáré sí i bí ẹni ń sáré sídìí ẹbà ọ̀fẹ́.

Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́ nínú yàrá

Ẹni tó bá rò pé owó nìkan ni ìwàǹwára ń náni, kó gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Mississippi, l'Amẹ́ríkà. Black Friday ọdún 2019 ni ìyá kan rí kámẹ́rà Ring, èyí tó jẹ́ ti Amazon, ní pọ̀ọ́kú. Ó rà á, ó sì gbé e sí yàrá tí àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ ń sùn, kó lè máa fojú ṣọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni kámẹ́rà lò nínú yàrá yẹn tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́ orin nínú yàrá, ló bá lọ wò ó. Kò rí èèyàn. Àfi ohùn ọkùnrin kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú kámẹ́rà, tó ní ọ̀rẹ́ ẹ̀ lòun, tó tún ní òun ni Bàbá Kérésì. Ó ń rọ ọmọ náà pé kó da yàrá rú. Ni ọmọ bá figbe ta, ó ń pe ìyá ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bi Ring, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò já wọ inú ẹ̀rọ àwọn. Wọ́n ní àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lo pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti jí níbòmíràn, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ṣí gbogbo nǹkan. Ìdílé yẹn ò sì tíì tan ààbò elékejì, ìyẹn nọ́ńbà tó máa ń wọlé sórí fóònù kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ráàyè ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá nígbà tí ìdùnnú ẹ̀dínwó ṣì ń pa á?

Òṣìṣẹ́ ń wo ìyàwó oníyàwó

Ká ní olè nìkan ni, à bá ní olè kì í gbọ́n tán. Lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, àjọ FTC, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà l'Amẹ́ríkà, gbé Ring lọ sílé ẹjọ́, lọ̀rọ̀ bá di bàà-báà-bà. Wọ́n ní láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin tó tó 81, ó kéré tán. Àwọn kámẹ́rà tí onílé pè ní ti yàrá ìbùsùn àti ti ilé ìwẹ̀ ló ń wá kiri.

Ring ní òun ò gbà pé òun rú òfin, ṣùgbọ́n ó gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là. Nígbà tó di 2024, FTC bẹ̀rẹ̀ sí í pín lé ní mílíọ̀nù 5.6 dọ́là fáwọn oníbàárà tó lé ní 117,000. Ẹ bá wọn pín in: tó bá dọ́gba, kò ju bíi dọ́là 48 lọ fún ẹnì kan. Iye tí wọ́n fi nu omijé ẹni tí wọ́n wo yàrá ẹ̀ nìyẹn o.

Bó bá ń dúró de orúkọ ẹ̀, ó ń gbọ́

Ẹ tún wo sípíkà Echo tí Amazon gbé jáde lọ́dún 2014, èyí tí Alexa ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní kì í dá sí ọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n pe òun tí kò bá tẹ́tí sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́?

Lọ́dún 2018, tọkọtaya kan nílùú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, jókòó sílé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa pákó tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Kò pẹ́, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ pè wọ́n láti Seattle, ó ní kí wọ́n tètè já àwọn ẹ̀rọ yẹn kúrò lára iná, ohùn wọn ti dé ọ̀dọ̀ òun. Àlàyé Amazon ni pé ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó jọ orúkọ ẹ̀, ó tún gbọ́ ohun tó jọ “fi ránṣẹ́,” ó béèrè pé sí ta ni, ó sì rò pé òun gbọ́ orúkọ ẹnì kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀rọ̀ pákó ni wọ́n ń sọ. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àna ńkọ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́dún 2019, ìwé ìròyìn Bloomberg tú u síta pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń gbọ́ lára ohùn táwọn èèyàn ń bá Alexa sọ, kí wọ́n lè fi kọ́ ẹ̀rọ náà lọ́gbọ́n. Lọ́dún 2023, Amazon gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó ń pa ohùn àwọn ọmọdé mọ́, kódà nígbà táwọn òbí ti ní kó pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí tó fi di ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, 2025, tí wọ́n yọ àyè tí àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà ní tẹ́lẹ̀ láti má fi ohùn onílé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́.

Ìdí tí tẹlifíṣàn fi pọ̀

Ẹnì kan lè ní, “Èmi ò ní kámẹ́rà, tẹlifíṣàn lásán ni mo ní.” Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ Vizio l'Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, nítorí wọ́n ní tẹlifíṣàn ẹ̀ mílíọ̀nù 11 ń ṣọ́ ohun táwọn onílé ń wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, tí wọ́n sì ń ta ìròyìn ẹ̀ fáwọn ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Lọ́dún 2019, ọ̀gá kan níléeṣẹ́ náà jẹ́wọ́ ní gbangba pé owó tó ń wọlé lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti ra tẹlifíṣàn lọ sílé wà lára ohun tó ń jẹ́ káwọn lè tà á ní pọ̀ọ́kú.

Ẹ̀dínwó tí àwọn èèyàn ń yọ̀ mọ́, àṣírí ilé wọn ló ń san ìyókù owó ọ̀hún.

Ta ni oníduùró ẹ̀?

Kò sí abiyamọ tó máa gba ọmọ-ọ̀dọ̀ sílé láìbéèrè pé ọmọ ta ni, ta ló mú un wá, ta ni oníduùró ẹ̀. Ṣùgbọ́n abiyamọ kan náà á gbé ẹ̀rọ tó lójú, tó létí, tí kì í sùn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀, kò sì ní béèrè nǹkan kan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iye tí wọ́n já wálẹ̀ kọ́ ló yẹ ká wò ká tó gbé àlejò sí yàrá.

Òfin ń gbìyànjú o. Láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ẹ̀rọ abélé tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ jẹ́ “admin” tàbí “12345” láti iléeṣẹ́. Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí òun máa fi tún ààbò ẹ̀ ṣe mọ. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ Oxford dá obìnrin kan láre lórí aládùúgbò ẹ̀ tí aago ẹnu ọ̀nà àti kámẹ́rà ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọjá ojúlé ara ẹ̀. Kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London ṣọ́ra. Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìròyìn nípa aráàlú lóṣù Kẹfà, 2023. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó máa wá yí pásíwọ́ọ̀dù padà fún onílé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì ní wọ bàálù tẹ̀ lé kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Peckham.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ọkàn ẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, kó rà á. Kó béèrè ibi tí fídíò àti ohùn ń lọ. Lọ́jọ́ tó bá gbé e dé, kó yí pásíwọ́ọ̀dù padà sí èyí tí kò lò níbòmíràn, kó sì tan ààbò elékejì. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kó pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, nítorí tí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá ṣì wà níbẹ̀, olúwa ẹ̀ lè máa wo pálọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà tí wọ́n ṣe bíi gílóòbù ní Computer Village n'Ìkẹjà, ẹnu ọ̀nà àti àgbàlá ni kó gbé e sí, kó má dé yàrá ọmọ, kó má dé ilé ìwẹ̀. Kó sì sọ fún ọmọ-ọ̀dọ̀ àti àlejò pé ojú wà lára ògiri, nítorí èèyàn làwọn náà.

Ẹ̀dínwó ò ní yéé wá. Èyí tó bá fo èèyàn lónìí, òmíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àṣírí tó bá ti jáde nílé, kò sí ọjà kankan, ìbáà jẹ́ pọ̀ọ́kú, tí wọ́n ti lè rà á padà.