Bí Ìlànà Àtijọ́ Bá Ń Lọ, Kí Ọ̀nà Kejì Má Bá A Lọ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Port Harcourt ṣe ilé! Ọ̀rọ̀ okùn fáíbà la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà ni. Owó ọjà tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí wa ní Mile 1, èyí tí àwa náà ń fi ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìpè àwọn ọmọ wa láti London, inú okùn yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Ní 1988 ni àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, gbé ìlànà SDH jáde, èyí tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ tó ń gba inú okùn. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, tí okùn abẹ́ òkun SAT-3 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, SDH ló gbòde. Ní báyìí, ó ti ń kógbá wọlé. Níbi tí SDH ti sábà ń gbé gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Ethernet ti ní ìlànà fún 100 láti 2010, ó sì ní ti 400 láti 2017. A ò sọ pé kí wọ́n má pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò máa fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù tírélà?

Ṣùgbọ́n SDH ní ìwà rere kan. Wọ́n sábà máa ń tẹ́ ẹ yípo bí òrùka. Bí okùn bá já níhìn-ín, ọ̀rọ̀ á gba ọ̀hún kọjá láàárín ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rọ tuntun náà lè yára yà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀nà kejì sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà kejì ń náni lówó, ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà wá.

Ní March 14, 2024, okùn mẹ́rin, SAT-3, WACS, ACE àti MainOne, bà jẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú, iṣẹ́ báńkì dàrú ní Nàìjíríà. Àwọn tó ní ọ̀nà mìíràn lábẹ́ òkun kò jìyà tó àwọn tí kò ní. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Èkó ni ọ̀pọ̀ okùn òkun ti ń gúnlẹ̀, ibẹ̀ sì jìnnà sí wa. Inú wa dùn pé àwọn tó ni 2Africa fi Kwa Ibo ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, tó wà nítòsí wa, kún ibi ìgúnlẹ̀ wọn. Ìjọba àpapọ̀ náà ní àwọn fẹ́ tẹ́ fáíbà 90,000 kìlómítà sí i.

Ohun tí à ń bẹ àjọ NCC àti ìjọba Rivers kò ju ẹyọ kan lọ: kí iléeṣẹ́ kankan tó pa ẹ̀rọ àtijọ́ nílùú yìí, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí ọ̀nà kejì gbà hàn. Àwa náà, bí a bá rí katakata tó ń walẹ̀ lórí okùn fáíbà, ẹ má ṣe wò ó níran. Ẹ ké sí àwọn tó ni ín. Ọjà wa ni wọ́n ń gé.